Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ bínú lọ wo waterfall

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tá a ṣì ń gbé basement, yàrá abẹ́ ilé, ní Martindale nílùú òyìnbó, mo máa ń bínú gan-an. Ẹ̀yin tá a jọ dàgbà ní apá Northeast ìlú yẹn, ẹ lè jẹ́rìí sí i. Bí ẹnì kan bá mú ẹran kan ṣoṣo nínú abọ́ mi, màá da ìrẹsì yẹn sílẹ̀ pátápátá. Mummy á ní, "Ẹni tó bá fi ìbínú da oúnjẹ ẹ̀ nù, ebi ló máa bá a sùn." Ebi á sì bá mi sùn lóòótọ́. Lọ́jọ́ kejì, màá tún dà á.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé Dare, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ní Rundle, fẹ́ ṣe birthday, ó ní kí n wá ṣe sleepover, kí n sùn sílé wọn mọ́jú. Nílé wa, kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Daddy bi mí pé ṣé bẹ́ẹ̀dì tèmi ti kú ni. Mo bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mo fọ abọ́ tí ẹnikẹ́ni ò rán mi. Nígbà tó yá, Daddy ní ẹni tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ ní warehouse sọ fáwọn nípa waterfall kan, omi tó ń já bọ́ látorí àpáta, nínú páàkì lẹ́yìn ìlú Okotoks, pé gbogbo wa la máa lọ hike ní Saturday. "Tó o bá lọ tó o bọ̀ láìbínú, wàá lọ sleepover. Tó o bá bínú lẹ́ẹ̀kan péré, ó parí."

Tómi àbúrò mi gbọ́. Ojú ẹ̀ tàn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún níṣẹ́.

Nínú mọ́tò, ó mú puff-puff mi, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń wò mí lójú. Ó wá nu òróró ọwọ́ ẹ̀ sí jacket mi. "Brother Kọ́lá, are you vexing?" Mo ní rárá. Mo kọjú sí wíńdò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka màálù.

Autumn ti fẹ́ẹ̀ parí. Ewé ti rẹ̀ dànù tán, òtútù ń ta nímú bí ata, yìnyín sì ti ń dán lójú ọ̀nà láwọn ibì kan. Daddy wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì torí fọ́tò, wọ́n ń rìn bí ẹni gbé ẹyin.

Òfin Daddy ni pé àgbà kan ò gbọdọ̀ kọjá wa ká má kí i. Bàbá òyìnbó kan ń gòkè bọ̀ pẹ̀lú ajá. Mo ní "Hi." Daddy wúkọ́. Ẹ̀yin náà mọ ikọ́ yẹn. Kíá ni mo dọ̀bálẹ̀, orí yìnyín ni. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ nìyẹn, ikùn nílẹ̀. Mo kọjá bàbá yẹn, mo kọjá ajá, inú igbó ni mo bá ara mi.

Bàbá òyìnbó bèèrè, "Is he okay?"

Daddy ní, "Yes sir. He is greeting you."

Tómi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ajá wá ń lá mi létí. Jacket mi ti ya, ìbínú ti dé ọ̀fun. Mo rántí pizza ilé Dare, mo gbé ìbínú ọ̀hún mì.

A dé waterfall, ó ti dì. Omi dúró gbagidi lára àpáta, ó funfun bí àbẹ́là tó yọ́ tó tún le. Kò dún rárá. Lójú tèmi, ó rẹwà. Daddy wò ó, wọ́n tún wò ó, wọ́n wá nawọ́ sí i. "Ìwọ, ṣebí kó o máa já bọ́ niṣẹ́ ẹ? Mo jó epo láti Martindale wá wo omi tó dúró?" Wọ́n fẹsẹ̀ janlẹ̀. Bàtà yọ̀, yìnyín etí odò fọ́, omi mù wọ́n dé orúnkún.

Mummy rọra ní, "Daddy Kọ́lá, Kọ́lá ò bínú o. Ẹ̀yin lẹ bínú."

Èmi ò rẹ́rìn-ín, n kì í ṣe òmùgọ̀. Mo kàn na ọwọ́ sí wọn, mo ní ẹ pẹ̀lẹ́ sà.

Nígbà tá à ń darí lọ sílé, ìbọ̀sẹ̀ Daddy wà níwájú heater, gbogbo mọ́tò ń rùn. Wọ́n wò mí nínú dígí mọ́tò, wọ́n ní, "Aago mélòó ni birthday ọ̀hún?"

Ní báyìí, kẹ́nì kan tó lọ hike, á ti wo fóònù bóyá omi ti dì, á ti ra irin tí wọ́n ń so mọ́ bàtà. Tí ọmọ bá bínú, wọ́n á ní kó jókòó sí calm corner, igun ìfarabalẹ̀, kó rọra máa mí. Nígbà tiwa, àwa fúnra wa la máa ń gbé e mì. Ṣé mi ò wá bínú mọ́ ni? Mò ń bínú dáadáa. Ó kàn jẹ́ pé láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ ẹni tí mo jogún ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.