Ìyá Má-Kúnlẹ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ẹnu mi tóbi ju ara mi lọ, ilé ìfọṣọ ọsibítù kan nílùú Ifẹ̀ níbí ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ẹ má wo ewú orí mi kí ẹ rò pé láti kékeré ni mo ti gbọ́n o. Àwọn ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1990 ni mò ń wí. Mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, mò ń retí yunifásítì tí kò pè mí, màmá mi sì ní òun ò lè máa wo ẹni tó ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ tó tún ń fi ọ̀sán sùn. Ẹ̀gbọ́n wọn kan ló bá mi wá iṣẹ́ náà. Láàárọ̀ kùtù, mo máa ń jáde nílé wa ní Ilare, mo máa wọ ọkọ̀ gba ọ̀nà Mayfair, mo sì máa fajú ro títí mo fi máa dé ibẹ̀, nítorí mo gbà pé iṣẹ́ ìfọṣọ kéré sí ẹni tó mọ̀wé tó mi.

Obìnrin mẹ́fà la wà níbẹ̀. Aṣọ tí wọ́n ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ tí aláìsàn ń wọ̀, àti èyí tí àwọn dókítà ń wọ̀ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo rẹ̀ ń bọ̀. A ó sè é nínú omi gbígbóná, a ó fọ̀ ọ́, a ó sá a sóòrùn, a ó wá lọ̀ ọ́. Iná mànàmáná ìgbà yẹn kò ṣeé fọkàn tán, torí náà áyọ́ọ̀nù eléèédú la máa ń lò, ó sì wúwo bí ọmọ ọdún kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ bọ́tìnì lónìí, ẹ dúpẹ́.

Ìyá kan tó ń ti Ìpetumodù wá lójoojúmọ́ ni ọ̀gá wa. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, kì í pariwo, kò mọ̀wé kọ, kò mọ̀ ọ́n kà. Ṣùgbọ́n ẹ fún un ní aṣọ kó fọwọ́ kàn án lásán, á sọ ẹni tó fọ̀ ọ́ nínú wa fún yín, á sì sọ fún yín pé onítọ̀hún kò ṣan án dáadáa. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, wọ́n ní kí n lọ ká aṣọ tó ti gbẹ lórí okùn. Bí mo ṣe kó o mọ́ra tí mò ń bọ̀, mo pàdé ìyá yìí lẹ́nu ọ̀nà. Kí ni ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ń ṣe? Mo kúnlẹ̀ wọlẹ̀. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà."

Ó ní, "Dìde. Etí aṣọ ti kan ilẹ̀. Tún gbogbo ẹ̀ fọ̀."

Gbogbo ẹ̀! Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Ó wá sọ òfin ilé náà fún mi. Ó ní ẹni tí iṣẹ́ bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ kì í kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ìbáà ṣe òun, ìbáà ṣe ọ̀gá àgbà pátápátá. Kí n fi ẹnu kí wọn, ó tó. Mo tún aṣọ náà fọ̀ pẹ̀lú omijé lójú, mo sì ń kùn títí mo fi parí. Nígbà tí mo délé tí mo rò ó fún màmá mi, wọ́n ju ọwọ́ sókè. Wọ́n ní, "Ọmọ Yorùbá wo ni wọ́n ń sọ fún pé kó má kúnlẹ̀? Àbí ìyá yẹn ò ní ìyá ni?"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ ọ́ ní Ìyá Má-Kúnlẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ ni o, ẹ má rò pé mo láyà tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tó bá ṣe, ibi tó burú ni mo máa ń gbé e sí. Tó bá yẹ iṣẹ́ mi wò, mo ní ó ń ṣọ́ mi. Tí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò, mo ní ó fojú tẹ́ńbẹ́lú mi. Tó bá dé ṣáájú wa, tó sì jẹ́ pé òun náà ló máa ń dé ṣáájú lójoojúmọ́, mo ní ó ń ṣojú ayé fún àwọn ọ̀gá ni. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀gá kì í tilẹ̀ ya ọ̀dọ̀ wa.

Nǹkan kan wá wà tó máa ń ṣe. Kì í jẹ́ kí ẹlòmíì ká aṣọ yàrá iṣẹ́ abẹ, òun fúnra ẹ̀ ló ń ká a. Tó bá ká ọ̀kan tán, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ètè ẹ̀ á máa mì, a ò sì ní gbọ́ ohun tó ń sọ. Èmi tí mo ti ń wá ohun tí mo máa rí mú, mo ní háà, ó tán! Nínú ọkọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo sọ fún ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pé ìyá yìí ń pọfọ̀ sára aṣọ aláìsàn. Ẹ gbọ́ o, mi ò gbọ́ ọfọ̀ kankan. Ètè nìkan ni mo rí. Inú tó ń bí mi ló bá mi gbọ́ ìyókù.

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ni ètè tèmi mú ọ̀ràn bá. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ọ̀rọ̀ náà ti gba ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì kọjá, ó ti dé ọ́fíìsì ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n fún ìyá yìí, tí gbogbo wa níbi iṣẹ́ ń pè ní Màmá, ní kúẹ́rì, ìwé tí wọ́n fi ń bi òṣìṣẹ́ pé kí ló dé tó fi ṣe ohun tó ṣe.

Ọ̀sán ọjọ́ tí ìwé náà dé, àwọn yòókù ti ń múra ilé, ó ní kí n dúró. Ó yọ àpò ìwé náà níbi ìró rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ lo mọ̀wé nínú wa. Bá mi kà á."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ ti rí ibi tí èèyàn ti ń fi ẹnu ara ẹ̀ ka ìròyìn ẹnu ara ẹ̀ rí? Ohun méjì ni wọ́n kọ. Èkíní, pé ó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láti máa rí àgbà fín. Èkejì, pé wọ́n ń rí i tó ń pọfọ̀ sára aṣọ aláìsàn. Tó bá jẹ́ òótọ́, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nílé ìfọṣọ. Mò ń kà á, mò ń kólòlò. Ìyá tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn kí wọ́n tó bí mi! Kò sunkún, kò ṣépè. Ó kàn ní kí n mú bíró kí n máa kọ èsì tí òun bá sọ.

Ó ní, "Kọ ọ́ pé èmi náà ti sùn lórí bẹ́ẹ̀dì wọn rí. Oyún wà nínú mi, ara mi ò yá, láti oko ni wọ́n ti gbé mi dé, ẹrẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi. Mi ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Wọ́n wá tẹ́ aṣọ funfun kan fún mi. Ọṣẹ àti oòrùn ni mò ń gbọ́ lára ẹ̀. Mo ní, áà, ẹnì kan tí kò mọ̀ mí rí ti fọ aṣọ yìí bí ẹni pé èmi lọmọ ẹ̀. Ni ọkàn mi bá balẹ̀. Mo bímọ, mo dìde. Ìgbà tí wọ́n ń wá ẹni tó máa fọṣọ, mi ò jẹ́ kí wọ́n wá a jìnnà."

Ó dúró kí n kọ ọ́ tán. Ó tún ní, "Kọ ọ́ pé ohun tí mò ń sọ sí aṣọ ni pé, ẹni tí wọ́n bá tẹ́ ọ fún, á dìde. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti ìkúnlẹ̀, kọ ọ́ pé ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kò lè kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe tiẹ̀. Bí ọwọ́ bá ti ṣófo, ká wá kúnlẹ̀ títí ilẹ̀ á fi lu."

Omijé já bọ́ lójú mi, díẹ̀ ló kù kó bọ́ sórí ìwé. Mo yọ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì, mo kúnlẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún un pé èmi ni. Kò jẹ́ kí n la ẹnu. Ó ní, "Bíró wà lọ́wọ́ ẹ, iṣẹ́ ò tíì tán. Dìde, má jẹ́ kí ìwé mi dọ̀tí." Mo parí ìwé náà, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ mi sì há sí mi lọ́fun.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀gá tó kọ kúẹ́rì náà fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá wò wá láàárọ̀. Kò kọ létà ṣáájú, a kàn rí bàtà dídán lẹ́nu ọ̀nà ni. Ẹ̀rù bà wá. Obìnrin kan nínú wa tó ń lọ aṣọ lọ́wọ́ fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ gbì, ó wólẹ̀ kí i: "Ẹ káàárọ̀ sà! Ẹ kú iṣẹ́ sà! Ẹ ò ní ṣìṣe sà!" Èmi náà ti fẹ́ kúnlẹ̀. Àmọ́ aṣọ yàrá iṣẹ́ abẹ ló wà níwájú mi, wọ́n sì ń dúró dè é. Mo di áyọ́ọ̀nù mi mú. Mo tẹrí ba, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ sà."

Ó kọjú sí mi. "Ìwọ ò lè kúnlẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ má bínú sà. Aṣọ yìí, wọ́n fẹ́ lò ó fún aláìsàn ní ìsinsìnyí. Tí mo bá lọ̀ ọ́ tán, màá kúnlẹ̀ dáadáa."

Kó tó dáhùn, èéfín ti ń rú. Áyọ́ọ̀nù ẹni tó wà nílẹ̀ tó ń kí i ti jó aṣọ dókítà, ó lu ihò sí i láyà. Màmá lọ gbé áyọ́ọ̀nù náà kúrò, ó fa obìnrin náà dìde, kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí i. Ó padà sídìí aṣọ tó ń ká, ó gbá a lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́tẹ̀ yìí, ó sọ ọ́ síta kí gbogbo wa gbọ́: "Ẹni tí wọ́n bá tẹ́ ọ fún, á dìde."

Ọ̀gá náà wò ó títí. Ó ní, "Àmín, Màmá." Ó bá tiẹ̀ lọ, a ò sì gbọ́ nǹkan kan nípa kúẹ́rì yẹn mọ́. Ṣé ẹ rò pé wọ́n fún Màmá ní ìwé ìyìn? Ẹ gbàgbé ìyẹn. Bó ṣe wà ló wà títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì ń dé ṣáájú wa títí di ọjọ́ tó lọ. Mo ti bá oríṣiríṣi ọ̀gá ṣiṣẹ́ láti ìgbà náà, àwọn tó ń pariwo, àwọn tó ń pín ẹ̀bùn, mi ò tíì rí ẹni tó jẹ́ kí iṣẹ́ wù mí bí i tiẹ̀.

Ayé ti yí padà o. Èmi náà ti ní ilé ìfọṣọ tèmi nílùú yìí, ẹ̀rọ ló ń fọ̀ ọ́, ẹ̀rọ ló ń gbẹ ẹ́. Bí mo bá wọlé, àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ á kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ẹ má tíì yìn wọ́n. Bí mo bá ti kẹ́yìn, wọ́n ti gbé fóònù nìyẹn, aṣọ oníbàárà á wà nílẹ̀ gbalaja. Àwọn kan ní kí n lọ ra kámẹ́rà tí màá máa fi ṣọ́ wọn. Mo ní kámẹ́rà wo ló ń ṣọ́ Màmá? Mi ò sọ pé ọmọ ìsinsìnyí burú, èmi tí mo burú jù wọ́n lọ lọ́jọ́ orí wọn. Mo kàn máa ń mú aṣọ kan, màá ní, "Ẹni tó ni èyí, kí lẹ rò pé ó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ ṣe?" Ìgbà míì wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ìgbà míì, ọ̀kan nínú wọn á ronú.

Ọ̀rọ̀ tó há sí mi lọ́fun ńkọ́? Ó pẹ́ níbẹ̀, ojú sì ń tì mí. Ọdún tó kọjá ni mo tó lọ sí Ìpetumodù. Mo bá Màmá ní ìta ilé wọn, ó ti darúgbó, ó gbé atẹ lé ẹsẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo gbé gbogbo ẹrù tí mo mú dání kalẹ̀. Mo na ọwọ́ méjèèjì sí i. Mo ní, "Màmá, ẹ wò ó, ọwọ́ mi ṣófo lónìí." Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀, látorí ètè tí mo rí dórí ọfọ̀ tí mi ò gbọ́.

Kò dáwọ́ ẹ̀wà dúró. Ó ní, "Mo mọ̀. Ta ló tún lẹ́nu tó tó tìẹ nínú wa?"

Mo ní, "Ẹ mọ̀! Kí ló wá dé tí ẹ fi gbé ìwé yẹn fún mi kà?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò gbọ́n. Ó ní, "Ẹni tó bá jẹ́ kí aṣọ kan ilẹ̀, kí ni mo máa ń ní kó ṣe?"

Kó tún un fọ̀ ni. Ẹkún gbà mí. Ó gbọn ọwọ́ nù lára ìró, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá mi lórí jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Dìde."

Mo dìde, mo jókòó tì í, a jọ ṣa ẹ̀wà náà tán.