Bàbá Tó Ń Tọ́jú Ẹrù Ẹjọ́

Ojú mi báyìí ló rí gbogbo rẹ̀. Bàbá kan ló ń tọ́jú ìbọn àwa ọlọ́pàá Ẹ̀pẹ́ àti ẹrù tí a bá gbà lọ́wọ́ olè. Nígbà tí a gba ẹja yíyan obìnrin kan padà, àràárọ̀ ni bàbá ń tún un yan, kí ó má baà bàjẹ́ kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé.

“Ẹ má fọwọ́ kàn án o, ẹlẹ́rìí ni.”

“Bàbá, ẹlẹ́rìí yín mà ń ta sánsán!”

Bàbá lọ kírun Jímọ̀, la bá jẹ ẹja náà tán.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, olè ń rẹ́rìn-ín: “Ẹja dà?” Bàbá wò wá, kò dárúkọ ẹnì kankan. Èmi tí gbogbo Ẹ̀pẹ́ mọ̀ sí akọni, n kò lè lanu. Wọ́n dá olè sílẹ̀, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹrù lọ́wọ́ bàbá.

Agbọ̀n ẹja kan ló lọ, ẹjọ́ obìnrin kan, àti iṣẹ́ bàbá.