Odó Tí Mo Ní Kó Dúró Dè

Àkànní. Àkànní ọmọ Òpómúléró, Mọ́jàlékàn, ọmọ òpó tí a fi aṣọ wọ̀ bí ènìyàn, òpó tí ń gbé ilé ró tí kì í ṣe fáàrí. Àkànní ọkọ mi, baba mi, ọmọ ọlọ́pàá tó sin ìjọba dé ilẹ̀ olómi. Ẹni tó gbẹ́ àpótí, tí àpótí ń wo ènìyàn lójú. Ẹni tó gbẹ́ orógùn, tí orógùn ń rẹ́rìn-ín nínú ìkòkò. Àkànní, sùn re.

Bí a bá yọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn kúrò, báyìí ni mo ṣe máa ń kì í tó bá ti wọlé wá kí mi lọ́jọ́ Àìkú. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, òun ló yẹ kó sọ ọ́ fún mi.

N ò ní kọ orúkọ tí a sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ rẹ̀ síbí. N ò ní kọ tẹlòmíràn náà. Kì í ṣe pé mo gbàgbé o. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n mo rántí orúkọ gbogbo ènìyàn, bẹ̀rẹ̀ látorí obìnrin tó gbẹ̀bí rẹ̀ ní bárékè ọlọ́pàá títí dórí àwọn tó gbé e wọlẹ̀. Olórúkọ ló ni orúkọ rẹ̀. Èmi, ọmọ mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, àti odó mi.

Ìyá mi ló fún mi ní odó náà lọ́jọ́ tí mo wọlé ọkọ. Igi apá ni, ó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí ìjọba gbé ọkọ mi lọ sí Pọ́tákọ́tì, tí a ń kẹ́rù sínú lọ́rì, dírẹ́bà wo odó, ó wo èmi, ó ní, "Ìyáàfin, ṣé kò sí odó ní Pọ́tákọ́tì ni?"

Mo ní, "Ó wà. Ìyá tèmi kọ́ ló gúnyán nínú tiwọn."

Pọ́tákọ́tì ni mo bí Àkànní sí. Píjìn ló kọ́kọ́ yọ lẹ́nu rẹ̀ kí Yorùbá tó dé, tí Yorùbá náà sì dé, ó dé tìtìjútìtìjú bí àlejò. Ṣùgbọ́n iyán kò ṣàjèjì sí i. Ìró odó mi ló fi ń mọ̀ pé ọjọ́ Àìkú dé.

Ọdún tí ìjọba alágbádá padà wá, ó ti gba iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ńlá kan ní Trans-Amadi, ó ń yàwòrán ilé. Akítẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é. Bàbá rẹ̀ ti kú nígbà yẹn, èmi nìkan ni mo jókòó jẹ adùn rẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta kan wà ní Rumuola tó jẹ́ pé òun ló yà á láti ìpìlẹ̀ dé orí páànù. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ tán, ó gba yàrá lókè pátápátá, òun àti ìyàwó rẹ̀, ó sì kó èmi náà lọ. Mo gbé odó mi dání.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ tí a lò níbẹ̀, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo se iṣu, mo gbé odó kalẹ̀ ní kíṣíìnì. Mo sọ ọmọ odó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ha! Ìró náà kò dún bí ìró odó. Gbogbo ilé ló mì. Mo rò pé mọ́tò ńlá ló kọjá, mo bá tún gún un. Kò pẹ́ tí ẹnìkan fi ń lu ilẹ̀kùn wa bí ẹni fẹ́ já a. Ọkùnrin tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ wa ni, síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀, ẹfun síléènì funfun wà lórí rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọdún.

"Mama! Wetin una dey do for up? My ceiling don fall inside my soup!"

Mo ní, "Iyán ni o, ẹ má bínú."

"Pounded yam? For upstairs? Na who draw this house sef?"

Ọmọ mi na ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. "Na me."

Ọkùnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ehen! Architect! So where you wan make Mama dey pound? For your head?"

Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó, ó bá wa jẹ iyán tó ní kókó yẹn. Ṣùgbọ́n Àkànní kò jẹ púpọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó yí ilé náà ká. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ó dúró síbi jẹnẹrétọ̀, ó dúró síbi táǹkì omi, ó dúró láàárín àwọn mọ́tò. Sìmẹ́ǹtì ni gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tó gòkè padà, ó ní, "Màámi, mo ya ibi tí mọ́tò máa sùn. Mo ya ibi tí ajá máa sùn. N ò rántí odó."

Mo ní, "Ta ló ń rántí odó?"

Ó ní, "Èmi tí mò ń jẹ iyán yín láti kékeré."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà á tán síbẹ̀. Èmi padà sí Rumuigbo, sí yàrá tí mo ti ń gbé tẹ́lẹ̀, níbi tí odó lè dúró lórí ilẹ̀. Ó dùn mọ́ ìyá onílé mi, obìnrin Ikwerre kan tí a jọ dàgbà síbẹ̀. Ó ní ìró odó mi ni agogo òun.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Àkànní gbé àpótí ìdáná mi kan tó ti fọ́ lẹ́sẹ̀ lọ. Ó ní òun fẹ́ tún un ṣe. Ìgbà tó gbé e dé, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti di ẹsẹ̀ ènìyàn. Ẹsẹ̀ àwọn tó dúró de ọkọ̀ ni: ọ̀kan wọ bàtà, ọ̀kan wọ sálúbàtà, ọ̀kan ń fi ẹsẹ̀ kan họ èkejì, ọ̀kan kò wọ nǹkan kan. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo jókòó lé e, kò mì.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Orógùn, pátákó ìfọṣọ, òòyà, àjẹ̀ àwọn tó ń tukọ̀, gbogbo nǹkan onígi tí wọ́n bá ti jù nù. Ṣùgbọ́n ó ní òfin kan. Ohun tó bá gbẹ́, ó gbọ́dọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Màámi, orógùn tí kò bá lè ro ẹ̀bà mọ́, òkú orógùn ni." Tí wọ́n bá rà á lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi í sínú gíláàsì, á ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi í ro ẹ̀bà lójú òun.

Lọ́jọ́ kan ó wá sọ fún mi pé òun ti fi iṣẹ́ Trans-Amadi sílẹ̀.

"Ṣé wọ́n lé ọ ni?"

"Wọn ò lé mi."

"Ta ló wá ń kúrò ní Trans-Amadi láti lọ gbẹ́ orógùn?"

"Èmi, Màámi."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ bá mi bi í o. Akítẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́, káfíńtà ni mo bá nílé." Ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, òun náà ló sì ń bá a ha igi. Ìyá onílé mi ni kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. "Mama, pikin wey go university, na spoon e dey carve?" Àkànní gba ọmọ odó ìyá náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbẹ́ orí ìyá náà gan-an sí òkè rẹ̀, pẹ̀lú gèlè rẹ̀ tó máa ń wọ́ sápá kan. Obìnrin náà pariwo, ó gbé e kiri àdúgbò. Láti ọjọ́ náà kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ Àkànní láìdáa níwájú rẹ̀.

Wọ́n kó kúrò ní Rumuola, wọ́n gba ilé kékeré kan nítòsí mi ní Rumuigbo. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń wá jẹ iyán. Tó bá jẹun tán, á fi ìka kan ara odó mi, kó, kó, kó.

"Màámi, odó yìí ńkọ́?"

"Tí mo bá kú, máa gbé e."

"Ẹ óò pẹ́ láyé o."

"Á jẹ́ pé wàá pẹ́ kí o tó gbé odó."

Ọdún ń gorí ọdún, ọ̀rọ̀ kan náà. Ó ti di ìkíni wa. Tí kò bá béèrè, èmi ni n óò béèrè pé, "Ṣé o ò fẹ́ odó mọ́ ni?" Á ní, "Mò ń dúró, Màámi." Ọmọ ló ń jogún ìyá. Kò sí ohun tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé.

Nígbà tí èédú dúdú, èéfín epo rọ̀bì tí wọ́n ń sun, bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ láti ojú ọ̀run ní Pọ́tákọ́tì, tí ó ń bà lé aṣọ tí a sá àti ìkòkò omi, inú Àkànní kò dùn nítorí àwọn igi rẹ̀. Ó ń nù wọ́n láàárọ̀, ó ń nù wọ́n nírọ̀lẹ́. Àárín ìgbà yẹn ni mo rí i pé ó máa ń jókòó kó tó nù wọ́n tán. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Kíndìnrín, ni wọ́n wí. A lọ síbí, a lọ sọ́hùn-ún. Ojú rẹ̀ ń kéré sí i, ojú tí mo bí ní títóbi.

Mo bá rò ó lọ́kàn mi. Mo pe ẹni tó ń ti bárò, mo ní kó gbé odó mi lọ sílé ọmọ mi. Mo ń rìn tẹ̀lé e lẹ́yìn. Àkànní jókòó sẹ́nu ọ̀nà ibi tó ti ń gbẹ́gi. Ó rí odó tó ń bọ̀, kò tíì rí mi. Ó dìde dúró, ó di ògiri mú.

"Ta ló kú?"

Mo yọ lẹ́yìn bárò. "Kò sẹ́ni tó kú. Mo ní kí o wá gbé e."

Ó jókòó padà. Ó mí. "Màámi, ẹ fẹ́ pa mí lẹ́rù. A ti jọ ṣàdéhùn. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ lọ."

"Mo ti yí i padà."

"Ẹ ò lè yí i padà."

"Èmi ni mo ni odó."

"Èmi ni mo ni àdéhùn."

Ohun tí a jọ mọ̀, kò sí ẹni tó sọ ọ́ nínú wa. Ó ní, "Ó dáa. N óò yàwòrán sí i lára. Gbígbẹ́ rẹ̀, ó di ìgbà tí ẹ bá kú."

Ó mú pẹ́ńsùlù pẹlẹbẹ tí àwọn káfíńtà ń lò, ó bẹ̀rẹ̀. Ó ń yà á, ó ń sinmi. Ilà náà tọ́. Ilé ló yà yí odó náà ká: pálọ̀, yàrá, kíṣíìnì, ilẹ̀kùn tó ṣí sẹ́yìn. Ní ẹ̀yìnkùlé, ó ya ìyípo kékeré kan.

"Kí nìyí?"

"Ibi odó nìyẹn, Màámi. Ó pẹ́ kí n tó rántí."

Ó ní kí n gbé odó padà sílé, kí n máa fi gún iyán, kí n sáà má fi kàìnkàìn fọ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo gbé e padà. Ṣùgbọ́n òun kò lè jẹ iyán mọ́, ta ni mo fẹ́ gún un fún? Mo gbé odó sínú yàrá, mo fi ìró mi bò ó nítorí èédú.

Àkànní kú ní ọ̀sán, ojú ọ̀run mọ́.

Àwọn ènìyàn wá. Wọ́n ní, "Màmá, omi ló dànù, agbè ò fọ́." Mo ní ẹ ṣeun. Ọ̀dọ́bìnrin ni wọ́n ń sọ ìyẹn fún, ẹni tó ṣì lè rodò padà. Agbè tèmi ti gbó, omi wo ló tún fẹ́ wọ inú rẹ̀? Ìyàwó rẹ̀ ní ká wá ẹlòmíràn tí yóò tẹ̀ lé ilà náà gbẹ́ odó. Mo ní rárá. Mo ní, "Èmi ò tíì kú."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa sin ín, wọ́n gbé e gba iwájú ilé mi kọjá. Mo gbọ́ fèrè ọkọ̀. N kò jáde. Ìyá onílé mi ti wọ aṣọ dúdú, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mi.

"Mama, you no dey follow?"

Mo ní, "Níbi tí a ti wá, ojú òbí kì í rí sàréè ọmọ."

Ó bọ́ bàtà rẹ̀. "Then me too, I no go again."

A jókòó. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ìgbà tí n kò lè jókòó mọ́, mo ká ìró kúrò lórí odó. Èédú ti wọlé síbẹ̀ náà, ó ti bà lé ilà. Bí n kò bá nù ún, èédú á bo ilà náà. Bí mo bá nù ún, ọwọ́ mi ló máa pa á rẹ́. Mo dúró tì í. Mo wá rántí orógùn tí kò ro ẹ̀bà.

Mo gbé iṣu kaná.

Ìyá onílé lọ sí yàrá rẹ̀, ó mú ọmọ odó rẹ̀ wá, èyí tó ní orí rẹ̀ àti gèlè tó wọ́. A fọ inú odó, a gbé e sórí ilẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, a gún un ní méjì-méjì, tèmi lọ sókè, tirẹ̀ wálẹ̀. Ó ń sunkún, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Omi ń ṣàn láti ẹnu odó. Nígbà tí mo fi máa wò ó, pálọ̀ ti lọ, yàrá kan ti lọ. Ìyípo ẹ̀yìnkùlé ṣì wà, ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ ìyá onílé, níbi tí omi kò gbà.

Nígbà tí wọ́n ti ibẹ̀ dé, iyán ti wà nílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fọ iyẹ̀pẹ̀ kúrò lọ́wọ́, ó bu òkèlè kan, ó ní, "Màámi, a ti ṣe é tán."

N kò béèrè ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sin ọmọ mi, ṣùgbọ́n odó mi dún bí ọjọ́ Àìkú.