Lorraine Ń Tọrọ Ìbò Nídìí Ẹja Díndín

Bí o bá wá jẹ ẹja díndín ní gbọ̀ngàn ìjọ wa nílùú Parma lọ́jọ́ Jímọ̀ nígbà Lẹ́ńtì, Lorraine Hlavaty ni wàá kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà, kì í sì í ṣe owó ló máa béèrè. "Fóònù ẹ dà? Ṣé o ti dìbò tòní?" Bí o bá ní rárá, ẹja á máa wò ọ́, ìwọ náà á máa wò ó.

Ray ọkọ rẹ̀, tó ń din ẹja pẹ̀lú wa ní kíṣìnnì, ló fà á. Ọdún mọ́kàndínlógójì ni Ray fi wa bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé, àmọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, òun ló ń lùlù fún Rust Sparrows, ẹgbẹ́ onírọ́ọ̀kì tí àwọn ọmọ àdúgbò yìí dá sílẹ̀. Ìlù rẹ̀ ló wà nínú àwo orin wọn méjì àkọ́kọ́. Nígbà tí Lorraine lóyún, Ray fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n gba onílù mìíràn, òkìkí wọn sì kàn. Lọ́dún yìí, wọ́n wà lára àwọn tí wọ́n ń dìbò fún láti wọ Gbọ̀ngàn Òkìkí létí adágún, níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn olórin rọ́ọ̀kì tó lókìkí jù sílẹ̀. Gbogbo wa la fẹ́ rí orúkọ Ray níbẹ̀. Èmi tiẹ̀ ń fi fóònù ìyá ìyàwó mi dìbò, ìyá tí kò lè gbọ́ rọ́ọ̀kì kó má bú èèyàn.

"Ìlù ọkọ mi lẹ̀ ń gbọ́ nínú orin yẹn!" Lorraine á pariwo. "Kò sẹ́ni tó lù ú bẹ́ẹ̀ mọ́!" Ẹ̀rín máa ń pa mí, torí obìnrin yìí kan náà ló lé ìlù Ray lọ sí gáréèjì, tó ní orí ń fọ́ òun.

Ní Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn, Denny tó ń pín lẹ́tà ládùúgbò wa dìbò tán, ó wá ń ka ohun tó wà lójú fóònù.

"Àǹtí Lorraine, ẹ gbọ́ ná. Orúkọ márùn-ún ni ẹgbẹ́ yìí fi sílẹ̀ pé kí wọ́n kọ bí àwọn bá wọlé. Mi ò rí Bùọ̀dá Ray níbẹ̀ o."

Ó dùn mí wọra.

"Mo mọ̀," ni Lorraine wí wúyẹ́wúyẹ́. "Láti ọ̀sẹ̀ kìíní ni mo ti mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un."

"Èmi náà mọ̀!" Ray ti gbọ́ láti ojú fèrèsé kíṣìnnì. "Ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde ni mo ti kà á."

"O mọ̀, o wá jẹ́ kí n máa pariwo kiri bí oníwàásù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà? Ray, orí ẹ pé ṣá?"

"Kí ni kí n ṣe? Àádọ́ta ọdún tá a ti jọ wà, o ò sọ fún mi rí pé mo mọ ìlù lù. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni mo ti ń gbọ́ ọ. Mi ò fẹ́ kó tán."

Lorraine fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀, ó wọ kíṣìnnì, ó dúró síwájú ọkọ rẹ̀ nídìí epo gbígbóná.

"O mọ ìlù lù, Raymond. O mọ̀ ọ́n lù gan-an."

Ray ní òun ò gbọ́ dáadáa. Lorraine tún un sọ, ẹja sì jóná.