Ìlẹ̀kùn tí a gbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì

Òórùn igi ìrókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi ní àdúgbò Bẹyẹrúnkà, kí n tó dé agbo ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin. Ó máa ń ta ni nímú díẹ̀, bí ata gbígbẹ. Abẹ́ àtíbàbà páànù iwájú ilé ni bàbá náà ti fi gbogbo ayé rẹ̀ gbẹ́ igi. Ibẹ̀ náà ni ojú rẹ̀ fọ́ sí, nígbà tí ìlẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí ilé wọn kù díẹ̀ kó parí.

Mo wà níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tí alága ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí wá gbé ìlẹ̀kùn náà. Oyè ọkùnrin yìí pọ̀ débi pé bí o bá ní o fẹ́ kà wọ́n tán, ilẹ̀ á ṣú bá ọ lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ti gbìyànjú. Káfíńtà kan wà l'Ókè Bọ́lá, á fi ẹ̀rọ parí ẹ̀."

"Káfíńtà ń kan pákó pọ̀," ni bàbá wí. "Gbẹ́nàgbẹ́nà lèmi. Bàbá mi ní ẹ̀ẹ̀mejì là ń pe 'gbẹ́nà' torí pé ẹ̀ẹ̀mejì là ń gbẹ́ ọnà. A ó lajú gbẹ́ ti àkọ́kọ́. A ó dijú gbẹ́ ti èkejì. Oòrùn máa ń parọ́ fún ojú, kì í lè parọ́ fún ọwọ́. Èyí tó kù yìí, ti èkejì ni."

Ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ ni, Alága. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé wọn, mo rò pé oorun ló ń kùn wọ́n ni!"

Bàbá fa ìlẹ̀kùn mọ́ra. Àtàǹpàkò òsì ṣáájú, irin ìgbẹ́gi tẹ̀ lé e. Ó dúró níbi tí èmi ò rí nǹkan kan, ó ha á, èérún tó já bọ́ tínrín bí irun ìpéǹpéjú. Fóònù alága dún, kò gbé e. Èmi tí mo mọ̀ pé kì í jẹ́ kí fóònù dún lásán, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ìyanu ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó ṣe, alága bọ́ bàtà, ó jókòó sílẹ̀, ó ń wò.

Àwọn onímọ̀ èdè lè ní àlàyé mìíràn fún ọ̀rọ̀ 'gbẹ́nàgbẹ́nà'. Bá mi kí wọn. Bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ parí ìlẹ̀kùn náà kó tó kú. Nígbàkigbà tí mo bá dé mọ́ṣáláṣí náà, mo máa ń dijú, mo máa ń fi àtàǹpàkò tọ ọnà ìlẹ̀kùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, mò ń wá ibi tó gbẹ́ ẹ dé kí ojú rẹ̀ tó fọ́. Mi ò tíì rí i.