Ọjọ́ Ìṣẹ́gun Tí A Gbàdúrà Lé Lórí

Òórùn ẹran Iléyá tí wọ́n ń yan ló kún agbo ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọjọ́ kẹta ọdún ni, èéfín ti wọ aṣọ ojú ilẹ̀kùn, ó ti wọ gèlè, ó ti wọ ẹní tí a jókòó lé. O mọ bí pálọ̀ àgbà ilé ṣe máa ń rí lásìkò ọdún. Mógàjí wa, olórí agbo ilé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, wà lórí àga rẹ̀, àwọn àgbàlagbà yí i ká, wọ́n sì fi èmi sí àárín gbùngbùn, níbi tí n kò ti lè dìde láìjẹ́ pé èèyàn mẹ́fà kọ́kọ́ ká ẹsẹ̀ kò.

Iṣẹ́ mi ló sọ mí di ẹni àárín. Mo wà ní ọ́fíìsì tó ń to iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ fún ilé aṣòfin ní Àbújá: àbá òfin wo ni wọn yóò jíròrò lọ́jọ́ wo, èwo ni yóò ṣáájú. Àwọn aṣòfin ló ń pinnu. Èmi kàn ń tẹ̀ ẹ́, mo sì ń fi í ránṣẹ́ kó di ìwé. Àṣẹ ni pé a kò gbọdọ̀ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí àbá tiwa, èyí tí yóò gbé kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọwọ́ wá sórí ilẹ̀ ìdílé wa, tí wọ́n fi sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, n kò lè pa á mọ́ra. Mo pe Bàbá. Fáàrí lásán ni, n kò ní purọ́ fún ọ.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ilé ti ń fẹ́ kí wọ́n pín ilẹ̀ náà. Bàbá nìkan ló ń sọ pé rárá, ilé-ìwé ni bàbá òun fẹ́ níbẹ̀. Ó ti wá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé bí àwọn aṣòfin bá lọ ìsinmi wọn tó gùn láìjíròrò àbá yìí, òun yóò pín in. Ọ̀sẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ló kẹ́yìn kí wọ́n tó lọ ìsinmi náà.

“Ọmọ wa ló wà níbẹ̀,” Bàbá sọ fún wọn. “Òun ló ń to iṣẹ́ fún wọn.”

Mo ní, “Bàbá, èmi kọ́ o. Mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní mo níwà ìrẹ̀lẹ̀.

Àfáà ní kí a tẹ́wọ́ àdúrà. Mo tẹ́ tèmi, fóònù ṣì wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi ti wọlé: kí n yọ nọ́ńbà kẹrin lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, kí n sì fi ránṣẹ́ kó tó di aago mẹ́rin. Nọ́ńbà kẹrin ni tiwa. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án.

Mo wo ẹnu ọ̀nà, èèyàn dí i pa. Àfáà ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà má yẹ̀. Gbogbo ilé ṣe àmín, èmi náà ṣe é. Ọ̀gá mi a máa gbọ́ tèmi nígbà mìíràn. Ká ní mo pè é, ká ní mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sún un sí Ọjọ́bọ̀, bóyá ì bá gbà. Ṣùgbọ́n màá ní láti dìde láàrin àdúrà, Bàbá yóò sì mọ̀ lójú gbogbo wọn pé ọjọ́ tí mo fún òun kò dájú. Ojú tì mí. Mo fi àtàǹpàkò yọ ọ́, mo fi òmíràn sí i, mo fi ránṣẹ́. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rò pé àdúrà ni mò ń kà lójú fóònù.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀. Bàbá pè mí nírọ̀lẹ́. “Wọn ò mà pè é o.” Mo ní wọ́n ti sún un. Ó ní, “O ti gbìyànjú. Má jẹ́ ó dùn ẹ́.”

Nígbà tí àwọn aṣòfin lọ ìsinmi, tí ìdílé wá pín ilẹ̀, Bàbá ní kí wọ́n má wọn ìpín obìnrin fún mi. Odindi ìpín ọkùnrin ló ní kí wọ́n wọ̀n, nítorí wàhálà mi lórí àbá náà. N kò lè kọ́lé sí i, n kò lè tà á, n kò sì lè dá a padà, torí wọn yóò bi mí pé kí ló dé. Mo ti máa ń sọ pé iṣẹ́ mi kò lágbára kankan. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lónìí, mo mọ̀ pé ó ń wá ibi sá sí ni. Ọdọọdún ni Bàbá ń bi mí ìgbà tí màá fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ọdọọdún ni mo sì ń wá irọ́ mìíràn fún ẹni tó fọkàn tán mi jù láyé.