Nọ́ọ̀sì Catherine àti Ọkọ̀ Tó Ń Mu Epo Jù

Bí ẹ bá rí i pé mò ń yangàn nínú ìtàn yìí, ẹ má bínú. Ojú mi ló ṣe.

Èmi Eunice àti Nọ́ọ̀sì Catherine la jọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìgbẹ̀bí ní Òde-Ìrèlè. Òun ni ọ̀gá, èmi ni mo tẹ̀ lé e. Ọmọ àgbẹ̀ ni láti Iyansan, obìnrin kúkúrú tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́dún 1963 ló ra ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ ewé kan lọ́wọ́ olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì. Ọkọ̀ náà ti rìn rìn rìn kó tó dé ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń gbé wa kiri. Lọ́jọ́ Ajé, a ó lọ sí Iyansan. Lọ́jọ́rú, ó di Akotogbo. Ibẹ̀ làwọn ìyá tó ń fún epo pupa ti máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n á nu ọwọ́ nù, kí wọ́n tó gbé ọmọ wọn wá bá wa. Bí ọkọ̀ yẹn kò bá jáde, aboyún tó jìnnà sí títì kò rí ẹni wò ó nìyẹn.

Lọ́dún 1970, wọ́n pe Nọ́ọ̀sì lọ sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ olóṣù kan. Ó fa bíréèkì ọwọ́ sókè, ó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ pa, ó fi í sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà wa. Àkókò òjò ni. Gbogbo oṣù yẹn, òjò ò fún ọkọ̀ náà nísinmi.

Ìgbà tó dé la bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan. Epo bẹntiróòlù tó máa ń gbé wa láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì bẹ̀rẹ̀ sí í tán lọ́jọ́rú. Nọ́ọ̀sì kì í gbàgbé ohun tó bá kọ sílẹ̀. Bó ṣe ń kọ ìwọ̀n ọmọ tuntun náà ló ń kọ máìlì tí ọkọ̀ rìn. Ó ṣí ìwé rẹ̀ hàn mí. Tẹ́lẹ̀, gálọ́ọ̀nù kan ń gbé wa rin ọgbọ̀n máìlì. Nísinsìnyí, kò pé ogún mọ́.

Ó gbé ọkọ̀ lọ sí Òkìtìpupa lọ́dọ̀ Benedict, mẹkáníìkì tí gbogbo awakọ̀ ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Benedict fọ púlọ́ọ̀gì, ó tú kabúrétọ̀, ó fẹ́ ẹ, ó dá a padà. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ìyàtọ̀. A padà lọ.

Benedict ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Ọkọ̀ yìí ti darúgbó. Ẹ tà á."

Nọ́ọ̀sì wò ó títí. "Ọ̀gá Benedict, arúgbó tí mo mọ̀ kì í jẹun tó báyìí. Bàbá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, òkèlè pupurú mẹ́ta ti tó o. Ìdí kan ń bẹ."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà di ọ̀rọ̀ àdúgbò, Ọ̀gbẹ́ni Oyèkànmí, akọ̀wé tó ń gbé ní òdìkejì ọgbà wa, wá sọ tirẹ̀. Ó ní wọ́n ń jí epo fà ni. Ẹni tó sì fọwọ́ tọ́ka sí ni Bàbá Lucas tó ń ṣọ́ ọgbà. Ó ní ṣé a kò mọ̀ pé àna Bàbá Lucas ń gun alùpùpù ni?

Bàbá Lucas jẹ́ ọmọ ìjọ Aládùúrà, àgbàlagbà tí kì í fi àdúrà àárọ̀ tàfàlà. Nígbà tó gbọ́, ńṣe ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ó ní, "Ọma mi, láti ọjọ́ tí mo ti wọ aṣọ funfun, n kò fọwọ́ kan ohun olóhun. Bí ẹ bá fẹ́ kí n máa lọ, màá lọ."

Nọ́ọ̀sì fà á dìde. "Ẹnikẹ́ni ò ní lé yín lọ, Bàbá. Mi ò kì í sọ pé aláìsàn ní ibà láì tíì fọwọ́ kàn án."

Ó gé ọ̀pá oparun tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Nírọ̀lẹ́, ó tì í bọ inú táǹkì, ó fi ọ̀bẹ sàmì sí ibi tí epo dé. Láàárọ̀, kó tó ṣíná sí ọkọ̀, ó tún tì í bọ̀ ọ́. Epo wà níbi tó wà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló ṣe bẹ́ẹ̀, àmì ò yẹ̀ rárá. Ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ náà gbẹ, kò sí pé ó ń jò. Ó ránṣẹ́ pe Ọ̀gbẹ́ni Oyèkànmí pé kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Ọkùnrin náà yẹ ọ̀pá wò, ojú tì í. Níwájú gbogbo wa ló ti dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Lucas.

Nọ́ọ̀sì wá sọ fún mi pé, "Eunice, epo ò sọnù níbi tí ọkọ̀ dúró sí. Ojú ọ̀nà ló ti ń sọnù."

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, a ń bọ̀ láti Iyansan. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà lójú ọ̀nà yẹn. Tẹ́lẹ̀, bí Nọ́ọ̀sì bá yọ jíà lórí rẹ̀, ọkọ̀ á máa yí lọ fúnra rẹ̀ títí á fi kọjá ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nísàlẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó yọ jíà bó ti máa ń ṣe. A kò tíì dé ìdajì nígbà tí ọkọ̀ dúró wọ̀ọ̀.

Nọ́ọ̀sì yíjú sí mi. Ó ní, "O rí i? Nǹkan kan ń fà wá sẹ́yìn."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan táyà iwájú lápá ọ̀tún, ní àárín níbi irin rẹ̀, bí ẹni ń wo ara ọmọ jòjòló. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀. Ó kan ti òsì, bákan náà ni. Ó kan ti ẹ̀yìn lọ́tùn-ún, kò yàtọ̀. Nígbà tó dé táyà ẹ̀yìn lósì, ó fa ọwọ́ padà kíá.

"Wá fọwọ́ kàn án!"

Mo kàn án. Ó jó mi lọ́wọ́. Òórùn kan sì ń ti ibẹ̀ wá, òórùn tí a ti ń gbọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ tí a sì rò pé iná àwọn tó ń se epo pupa ni. Nọ́ọ̀sì Catherine bú sẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́ láàárín títì.

Àwọn awakọ̀ bí i mẹ́fà ló wà lọ́dọ̀ Benedict nígbà tí a débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nọ́ọ̀sì ní bíréèkì ẹ̀yìn lápá òsì ló di táyà mú. Ọ̀kan nínú wọn fi í rẹ́rìn-ín. "Kí ni agbẹ̀bí mọ̀ nípa bíréèkì?"

Nọ́ọ̀sì ò tilẹ̀ wo ibi tó wà. "Ọ̀gá Benedict, ẹ fi jáàkì gbé e fún mi. Bí táyà yẹn bá yí geere, màá ta ọkọ̀ náà lónìí olónìí."

Wọ́n gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, wọ́n sọ bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀. Benedict fi ọwọ́ kan ta táyà ọ̀tún, ó ń yí lọ ràì. Ó wá sọ́dọ̀ ti òsì, ó ta á, kò mira. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó fi agbára yí i. Táyà náà han gooro, ó yí díẹ̀, ó dúró.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu awakọ̀ yẹn.

Nígbà tí Benedict tú u, gbogbo wa ló rí i. Wáyà bíréèkì ọwọ́ tó lọ sí táyà òsì yẹn ti dípẹtà láti ìgbà tí òjò ti ń pa ọkọ̀ náà. Bí Nọ́ọ̀sì tilẹ̀ sọ bíréèkì sílẹ̀, wáyà ò padà sí àyè rẹ̀, bíréèkì kò sì yéé di táyà mú. Ẹ́ńjìnì ń fa ọkọ̀ lọ síwájú, bíréèkì ń fà á sẹ́yìn. Epo ni wọ́n fi ń ja ìjà náà.

Benedict ṣí fìlà. Ó ní, "Orí ọkọ̀ ni mo ń wò, mi ò wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun."

Wọ́n pààrọ̀ wáyà, wọ́n fọ ìpẹtà kúrò, wọ́n fi bíréèkì tuntun rọ́pò èyí tó ti jẹ tán. A rọ epo kún táǹkì dé ẹnu, a rin ìrìn ọ̀sẹ̀ náà tán, a tún rọ ọ́ kún dé ẹnu. Nọ́ọ̀sì dúró nílé epo, ó ń ṣírò, ètè rẹ̀ ń mì.

"Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n!" ló ké. "Eunice, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lórí gálọ́ọ̀nù kan!" Ó gbé ìwé náà sókè, àwọn tó ń dúró de epo sì ń wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. N kò rí i kó yọ̀ báyẹn rí, àfi ọjọ́ tó gbẹ̀bí ìbejì Olúfúnmilọ́lá tí gbogbo ayé ti rò pé wọn ò ní yè.

Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún Benedict pé ọkọ̀ òun ń mu epo jù, yóò kọ́kọ́ ní kó wà á lọ kó wà á bọ̀, yóò sì fọwọ́ kan táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kì í sì í fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Á ní, "Agbẹ̀bí ló kọ́ mi."

Lọ́dún 1972, Nọ́ọ̀sì ní kí n kọ́ ọkọ̀ wíwà, ó sì fi ọkọ̀ náà kọ́ mi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dá wà á dé Akotogbo, mo gbé orí sókè. Ìyá kan tó ń ṣa ẹyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà rí mi, ó nàró, ó pariwo sáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀:

"Ẹ wá wò ó! Àwọn obìnrin tó ń wa ọkọ̀ ti di méjì o!"